Ìpele Ìtọ́jú Wo Ló Yẹ Aláìsàn Yín? Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Yorùbá tí a ń Gbé Abuja

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní stroke kọ lu ìyá mi nínú ilé wa ní Kubwa, orúkọ ilé ìwòsàn tó tóbi jù lọ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. A gbé màmá sínú ọkọ̀, a gba iwájú ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà tó wà ládùúgbò kọjá, a sì forí lé àárín ìlú. Nígbà tí a dé ọ̀hún, ẹni tó jáde sí wa kò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ tán kó tó sọ pé kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ibòmíràn tí a tún sáré lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Oòrùn ti kan àtàrí kí dókítà tó fọwọ́ kan ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún wọn ti rọ pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ bí ètò ìtọ́jú ṣe pín sí ìpele-ìpele. Ohun tí mo rí dì mú ni pé ohun tí ara aláìsàn ń béèrè ní wákàtí náà gan-an ló yẹ kó yan ibi tí a ó gbé e lọ, kì í ṣe bí orúkọ ilé ìwòsàn ṣe tóbi tó. Ohun tí ara ń béèrè yìí sì máa ń yí padà: ẹni tó nílò ẹ̀rọ tó ń báni mí lónìí lè má nílò ju ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń gbé aláìsàn dìde lọ ní oṣù mẹ́ta sí i. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ẹ ṣe lè tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àwọn ìpele mẹ́ta náà kí àìsàn tó dé

Ìpele àkọ́kọ́ ni ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata ní ọdún 1978 ló gbé ìlera alábọ́dé síwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ọmọ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ló sì gbé e délé dóko ní Nàìjíríà nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Wọ́ọ̀dù ìdìbò 62 ló wà ní agbègbè olú-ìlú wa, káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn AMAC (àárín ìlú Abuja àti àyíká rẹ̀), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, èrò ìjọba sì ni pé kí ó kéré tán ilé ìwòsàn alábọ́dé kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni aboyún ti ń forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni a ti lè yẹ ibà wò, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, fọ egbò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí a kì í sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fojú tín-ínrín ibẹ̀ nítorí pé kì í sábà sí dókítà níjokòó. Mo rò pé àṣìṣe ńlá ni. Ká ní ẹnì kan ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi lóṣooṣù ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí kò jìnnà sí ilé wa ni, ó ṣeé ṣe kí n má ní ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí láti sọ.

Ìpele kejì ni àwọn ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, irú èyí tó wà ní Kubwa, Nyanya, Bwari, Kuje àti Gwarinpa, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn dísítíríìkì ní Wuse, Maitama àti Asokoro. Dókítà wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n lè dá aláìsàn dúró, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ síni lára, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ tí gbogbo ayé mọ̀, bíi kí wọ́n gbé ọmọ jáde fún aboyún tí kò lè bí fúnra rẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá.

Ìpele kẹta ni ibi tí àwọn onímọ̀ àkànṣe wà: Ilé Ìwòsàn ti Orílẹ̀-èdè, National Hospital, tó ṣí ní 1999 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn àwọn obìnrin àti ọmọdé, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada, àti Federal Medical Centre tó wà ní Jabi. Àrùn jẹjẹrẹ, fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, àìsàn ọpọlọ àti ti ọkàn tó le, ibẹ̀ ni wọ́n ń darí wọn lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ mọ́ egungun lè bá ara rẹ̀ ní Dala ní Kano, níbi tí ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ti ojú ní ibùdó ojú ti orílẹ̀-èdè ní Kaduna. Ti ọpọlọ dídàrú ní ilé ìwòsàn tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún un ní Kaduna kan náà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika, Zaria, àti ilé ìwòsàn Aminu Kano ní Kano sì wà fún ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn.

Nísinsìnyí tí ara yín dá, ẹ wá ọ̀kan-ọ̀kan nínú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sún mọ́ ilé yín jù lọ. Ẹ wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ lè mọ géètì tí wọ́n ń ṣí lóru, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sára fìríìjì, kí ẹ sì rí i pé ọmọ ọ̀dọ̀ yín náà mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ má ṣe yan orúkọ

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sápá kan, bí apá kan bá já wálẹ̀ nígbà tí ẹ ní kó gbé méjèèjì sókè, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ wákàtí tí ara rẹ̀ dá gbẹ̀yìn sílẹ̀, torí pé oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ bá ti kọjá. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fún un lágbo. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè ti rọ, ohun tí ẹ bá bù sí i lẹ́nu sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ibi tó súnmọ́ jù lọ tí dókítà àti ẹ̀ka pàjáwìrì wà ni kí ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá rí i pé àyẹ̀wò CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú orí, tàbí onímọ̀ ọpọlọ ló nílò, àwọn ni kí ẹ ní kí wọ́n pe ilé ìwòsàn ńlá kí ọkọ̀ tó gbéra. Dókítà tó ń bá dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù máa ń rí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ aláìsàn tó dúró sí géètì kò ní rí. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa ni 112.

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2014 sọ ní ìsọ̀rí 20 pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́; ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó fẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ jura, tàbí méjèèjì. Mo ti rí i pé bí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ dárúkọ òfin náà, ó máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé bí kò bá tilẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n kọ́kọ́ mú kí aláìsàn máa mí dáadáa, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀, kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ gùn ún bí àkàsọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà ìdarí kí ẹ tó gòkè. Lẹ́tà yìí níye lórí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà: ó yẹ kí oògùn tí aláìsàn ń lò wà níbẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe, àti ìbéèrè pàtó tí wọ́n fẹ́ kí onímọ̀ dáhùn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù.

Àwọn tó ní adójútòfò ìlera kò gbọdọ̀ fojú fo ìgbésẹ̀ yìí. Òfin tó dá NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ní 2022, tó rọ́pò NHIS àtijọ́, sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Nínú ètò náà, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí ló ń darí yín, HMO yín, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò yín, ló sì ń fọwọ́ sí i pẹ̀lú kóòdù. Láìsí kóòdù yẹn, ó lè jẹ́ àpò yín ni gbogbo owó náà yóò ti jáde. Ẹ má ṣe kúrò ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ láìbéèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kóòdù ti jáde?” Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ òbí tó ń bá yín gbé kì í sábà sí lára káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba, tọkọtaya àti àwọn ọmọ ni. Ẹ lọ wádìí ètò adójútòfò ti agbègbè olú-ìlú fún bàbá tàbí ìyá yín nígbà tí ara wọn ṣì le.

Bí owó bá tán nílé ìwòsàn, ẹ béèrè ẹ̀ka àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ìṣòro bẹ́ẹ̀, ojú kò sì gbọdọ̀ tì yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ìpele tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀

Nínú ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, aláìsàn lè kọjá lọ́wọ́ ìpele mẹ́rin: ẹ̀ka pàjáwìrì, yàrá ìtọ́jú àkànṣe tí gbogbo èèyàn ń pè ní ICU, wọ́ọ̀dù, àti kíláníkì tí a ti ń lọ rí dókítà láti ilé. ICU wà fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ibi ọlá, kò sì yẹ kí a bínú bí wọ́n bá ní kí ènìyàn wa jáde síbi wọ́ọ̀dù. Àmì pé ara ń yá ni.

Láàárọ̀, nígbà tí àwọn dókítà bá ń yí wọ́ọ̀dù po, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ ń ṣọ́ lára rẹ̀ lónìí? Kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kó tó lè lọ sílé? Irú ìtọ́jú wo ni yóò nílò nílé? Ìbéèrè kẹta yìí ni a kì í bi, nítorí pé “ẹ máa lọ sílé” máa ń dún létí wa bí ẹni pé “ara ti yá.” Ohun tí ilé ìwòsàn ń sọ ni pé ohun tó kù kì í ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù mọ́. Iṣẹ́ náà kò tán. Ọwọ́ yín ló ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi nǹkan mẹ́fà wọn aláìsàn yín

Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú àgbà ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní ti Katz, mo sì ti lò ó fún ìyá mi léraléra. Ẹ bi ara yín bóyá ó lè dá wẹ̀, bóyá ó lè dá wọṣọ, bóyá ó lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá ó lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, bóyá ó lè dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, àti bóyá ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ dé ẹnu. Máàkì kan fún èyí tó bá lè dá ṣe.

Ẹni tó bá gba mẹ́fà lè dá gbé, kí ẹ sáà máa bojú wò ó. Ẹni tó bá gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń fẹ́ ènìyàn kan nílé lọ́sàn-án, àti ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì fún un, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi ń mú kí iṣan àti oríkèé padà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba méjì sísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lóun nìkan rárá, lọ́sàn-án tàbí lóru, ènìyàn kan ṣoṣo kò sì lè tọ́jú rẹ̀ kí òun náà má ṣubú lulẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí mo là yìí kì í ṣe òfin ìṣègùn. Bí mo ṣe rí i lára ìyá mi àti lára àwọn àgbà mélòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Nígbà tí a gbé màmá délé, ẹyọ kan ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń ṣe fisiotẹ́rápì, wọ́n gba mẹ́ta. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí ojú tó ń rí ènìyàn lójoojúmọ́ kì í rí àyípadà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yan ibi tí yóò gbé

Ó lè jẹ́ ilé yín pẹ̀lú ọmọ tàbí aya ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé yín pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó ń yà wá tàbí olùtọ́jú tó ń gbé pẹ̀lú yín. Ó lè jẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ó sì lè jẹ́ ìlú wa, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan.

Mo mọ ohun tí ẹnu ayé ń sọ nípa ilé àwọn arúgbó: “Wọ́n ti lọ sọ ìyá wọn nù.” Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà nílé, tí gbogbo ará ilé ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láti aago márùn-ún ìdájí nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyanya, tí ìlẹ̀kùn wà ní títì mọ́ ọn títí di alẹ́, ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ wo ilé kan, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbóòórùn àyíká. Ẹ wo èékánná àwọn àgbà tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lóru, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ.

Ní ti gbígbé wọn padà sílé lọ́hùn-ún, ẹ wádìí ìtọ́jú tó wà lọ́hùn-ún kí ẹ tó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún àwọn tó wá láti Kwara. Ní Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àgbà tí wọ́n sọ lórúkọ Tony Anenih wà nínú ọgbà UCH láti 2012.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a gbé ìyá mi délé, nọ́ọ̀sì ọmọ Gbagyi kan tó ń yà wá bá wa yí wọn padà, ó sì fi ìka kan àpá pupa kan tó wà lókè ìdí wọn, tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ ìka. Ibẹ̀ kò funfun kó tó pọ́n padà, pupa náà ló ń jẹ́. Ó ní ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń kú lọ, bí a ò bá sì gbé e kúrò lórí egungun yẹn lóru ọjọ́ náà, a ó rí ihò níbẹ̀ láìpẹ́. Láti ìgbà náà, ní wákàtí méjì-méjì ni a ń yí wọn, ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì, pẹ̀lú ìrọ̀rí láàárín orúnkún, ìrọ̀rí lábẹ́ ẹ̀yìn ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Lára aláwọ̀ dúdú gan-an, pupa lè má hàn. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ. A kì í fọwọ́ ra ojú ibẹ̀ kíkankíkan.

Ní ti oúnjẹ, kí wọ́n jókòó tààrà, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi lásán bá ń mú wọn húkọ́, tí ohùn wọn sì ń dún bí ohùn tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ dá omi dúró kí ẹ pe dókítà. Ògì tó ki sàn ju omi ṣàn lọ nígbà bẹ́ẹ̀. Bí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára wọn, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, kí àpò ìtọ̀ sì máa wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀ nígbà gbogbo.

Ohun kan wà tó jẹ́ tiwa ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tí a ń rí gbà ní Abuja wá láti Benue, Nasarawa tàbí Kaduna, wọn kò gbọ́ Yorùbá. Àgbà tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ìgbàgbé bá sì ń bá jà lè pàdánù Òyìnbó àti Hausa tó ti fi ogójì ọdún sọ, kí ó ku èdè tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nìkan. Ìyá mi ti ń pariwo “ó ń ro mí” fún odindi wákàtí kan, olùtọ́jú wọn sì rò pé wọ́n ń kọrin ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sára pátákó lókè bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè tí olùtọ́jú gbọ́: omi, ebi, ìtọ̀, ìgbẹ́, ó ń dùn mí, ó ń ro mí, òtútù, èébì, ẹ gbé mi dìde, ó tó. Kí olùtọ́jú kà á jáde fún wọn títí wọn yóò fi mọ ohùn ara wọn. Nílé ìwòsàn, ẹ rí i pé ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń béèrè bí ìrora ṣe pọ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìtọ́jú ìtura

Àkókò kan lè dé tí a kò wá ìwòsàn mọ́ bí kò ṣe pé kí ara tu aláìsàn. A kò pa á tì. Ìtọ́jú gidi ni èyí náà, ó ní dókítà àti nọ́ọ̀sì tirẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, pẹ̀lú ìtọ́jú yòókù. Ẹ béèrè rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìpele kẹta. Morphine olómi tí a ń mu lẹ́nu jẹ́ oògùn ìrora tó dára bí dókítà bá wọ̀n ọ́n fúnni. Ẹ̀rù pé yóò sọ ẹni tó ń jẹ̀rora jẹjẹrẹ di ajoògùnyó kò yẹ kó mú kí ẹnikẹ́ni sunkún mọ́jú.

Kí ìgbà náà tó dé, nígbà tí àgbà náà ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wà, ohun tí wọn kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wọn, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún wọn. A bi ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò ni àwọn fẹ́, wọ́n ní kí a má ki rọ́bà oúnjẹ sí àwọn nímú mọ́, kí a má sì gbé àwọn lọ síbi tí àwọn kò ti ní gbọ́ Yorùbá. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí a ń kọ máàkì wọn sí, a fi déètì sí i, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì buwọ́ lù ú.